Bùbá Tí Kì í Gbé Sókè

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá bùbá gún, kó má wo ẹni tó wọ̀ ọ́ níbi tó dúró jẹ́ẹ́ sí níwájú dígí. Kó ní sùúrù dìgbà tí onítọ̀hún bá fẹ́ wé gèlè. Apá méjèèjì á lọ sókè, wọ́n á sì pẹ́ lókè, ọwọ́ á máa ká aṣọ, á máa ṣẹ́ ẹ, á máa fà á yí orí ká. Bùbá tí wọn kò gé dáadáa á bá apá lọ. Etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ á kúrò lórí ìró, ọrùn rẹ̀ á fún ọ̀fun pọ̀, abíyá á sì máa fa ẹ̀gbẹ́ aṣọ lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí gèlè bá fi máa jókòó, oníbùbá ti níṣẹ́ mìíràn láti ṣe: kó fa bùbá wálẹ̀ níwájú, kó fà á wálẹ̀ lẹ́yìn, kó tún ìró ró. Ọ̀pọ̀ obìnrin ti gbà pé bí bùbá ṣe ń ṣe nìyẹn.

Màmá kan wà ní Bẹ́yẹrúnká, n'Ìbàdàn, tí bùbá tiwọn kì í kúrò níbi tí wọ́n bá fi í sí. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọn kì í ṣe télọ̀, wọn kò gba fírídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan, wọn kò kọ́ pátákó sẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ ara wọn ni wọ́n ń rán, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn, lórí ẹ̀rọ Singer aláfọwọ́yí kan tí ọ̀dà wúrà ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ tán. Wọ́n gbà mí láàyè láti jókòó tì wọ́n, kí n sì máa béèrè ohun tó bá wù mí, bí n kò bá ti jókòó lé orí aṣọ.

Kì í ṣe pé télọ̀ ṣọ̀wọ́n ládùúgbò. Láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, kò sí ibi téèyàn máa rìn díẹ̀ tí kò ní gbúròó ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọbíọmà, télọ̀ alárìnká, náà ń kọjá, ó gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ lé èjìká, ó ń pa ẹnu àlùmọ́gàjí pọ̀ kí ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ já lè mọ̀ pé òun ti dé. Kò sì sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ ohun tí ojú ń rí lọ́dọ̀ télọ̀ nígbà Iléyá: aṣọ tó ku bọ́tìnnì nìkan lọ́jọ́ Ajé, tó tún ku bọ́tìnnì nìkan lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ti rò pé ìyẹn ló lé Màmá dé ìdí ẹ̀rọ. Wọ́n ní rárá o. Wọ́n ní télọ̀ tí àwọn ń lò tẹ́lẹ̀ kì í purọ́, ó sì mọṣẹ́.

“Téèpù ló ń ṣi òun náà lọ́nà,” ni wọ́n wí. “Téèpù mọ bí mo ṣe tóbi tó. Kò mọ ohun tí mò ń ṣe.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo iṣẹ́ wọn dá lé. Télọ̀ á ní kéèyàn dúró ṣánṣán, kó ju apá sílẹ̀. Á fi téèpù yí àyà ká, á wọn èjìká, á wọn gígùn apá, á kọ ọ́ sínú ìwé, ó parí. Ẹni tó dúró bí ère yẹn kò ní dúró bẹ́ẹ̀ mọ́ láé nínú aṣọ náà. Á bẹ̀rẹ̀ gbé nǹkan nílẹ̀, á gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n, á nawọ́ sí orí kọ́bọ́ọ̀dù, á jókòó lórí àga oníke níbi ìsọmọlórúkọ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Télọ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń rán tara rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì lè padà sílé lọ tú ibi tó ń fún un.

Aṣọ tí mo bá wọn dé ìdí rẹ̀ ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan, Ìbàdàndùn. Àwọn tó mọ àdìrẹ mọ̀ ọ́n láti òkèèrè: òpó gbọ̀ngàn Màpó ni wọ́n yà sínú rẹ̀, òpó àti ṣíbí tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà lórí òkè, nígbà tó sì yá, àwọn aládìrẹ mú ìyẹ́ adìyẹ, wọ́n tì í bọ ẹ̀kọ tí wọ́n fi gbágùúdá sè, wọ́n yàwòrán òpó rẹ̀ sára aṣọ funfun, wọ́n sì kó o sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ wà kò gba aró, ìyẹn ló fi jẹ́ funfun. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya, nítorí náà ẹ̀yìn aṣọ dúdú láìní àwòrán, ohun tí aránṣọ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé nìyẹn bó bá ń to aṣọ kó tó gé e. Mo rò pé ìlú tí gbọ̀ngàn ìjọba rẹ̀ di ohun tí obìnrin ń ró mọ́ ìdí ní ọgbọ́n tirẹ̀.

Àdìrẹ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ abala méjì, ọ̀pá méjì ààbọ̀ ní òró ọ̀kọ̀ọ̀kan, ínṣì 36 tàbí díẹ̀ sí i ní ìbú, tí wọ́n rán pọ̀ láti fi ṣe ìró fífẹ̀ kan. Màmá tú ojú rírán àárín náà. Abala kan á di bùbá, ìkejì á di ìró. Wọ́n kó méjèèjì sínú omi tútù, wọ́n rẹ ẹ́ mọ́jú, omi náà sì dúdú mìnìjọ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún rẹ ẹ́. Aṣọ tó bá fẹ́ sún kì, àfi kó sún kì kí wọ́n tó gé e. Ọ̀pọ̀ bùbá tó gún lọ́jọ́ àkọ́wọ̀ tó wá di ti àbúrò lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́, ibí ló ti bà jẹ́.

Bùbá àtijọ́ kò ní ojú rírán lórí èjìká. Wọ́n á ká aṣọ sí méjì, ibi tí wọ́n ká a ni á jókòó lórí èjìká, wọ́n á gbẹ́ ihò ọrùn sí àárín, wọ́n á so apá mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á rán ẹ̀gbẹ́ pọ̀. Ìgékúgèé kò sí níbẹ̀, ìdọ̀tí kò sí nílẹ̀, ó sì jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ gidi. Ṣùgbọ́n nínú aṣọ tí Màmá tẹ́ sílẹ̀ yìí, etí aṣọ kan ni ẹsẹ̀ òpó wà, orí rẹ̀ kọjú sí etí kejì. Bí wọ́n bá ká a bó ti yẹ ká ká bùbá, gbogbo òpó Màpó á dùbúlẹ̀ gbalaja lórí àyà wọn. Bí wọ́n bá yí i kí òpó lè dúró, ìbú aṣọ kò ní tó láti ti iwájú lọ gba èjìká bọ́ sí ẹ̀yìn. Bó bá sì tiẹ̀ tó, òpó iwájú á dúró, ti ẹ̀yìn á dorí kodò.

Wọ́n pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú aṣọ yìí kí wọ́n tó mú ṣọ́ọ̀kì. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gé iwájú lọ́tọ̀, wọ́n gé ẹ̀yìn lọ́tọ̀, wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí òró aṣọ, ínṣì 27 fún iwájú, ínṣì 27 fún ẹ̀yìn, kí òpó lè nàró nínú méjèèjì. Nínú ínṣì 90 tí abala náà ní, ó ṣẹ́ ku ínṣì 36 fún apá méjèèjì. Wọ́n wá rán èjìká pọ̀. Ẹni tó bá rọ̀ mọ́ àṣà lè ní kì í ṣe bùbá mọ́. Èmi ò sí lára wọn. Nígbà tí wọ́n ti fún ara wọn ní ojú rírán lórí èjìká, wọ́n fi ṣe ohun tí bùbá kíká kò lè ṣe láéláé: wọ́n dà á ní ìdàgẹ̀rẹ̀ bí èjìká ènìyàn ṣe dà.

Èjìká wọn méjèèjì kò sì dọ́gba. Ti òsì rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, wọ́n ní báàgì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì ló fà á. Ìyàtọ̀ náà kò ju ìdá mẹ́rin ínṣì kan lọ, mi ò bá má rí i bí wọn kò bá fi hàn mí. Nítorí rẹ̀ ni pátánì wọn kì í fi í ṣe ìwé tí wọ́n ṣẹ́ sí méjì, tí wọ́n sì gé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n ń lò, Tribune ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n sì kọ “òsì” sí apá kan, “ọ̀tún” sí ìkejì. Lára ọ̀kan, wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ pé wọ́n ti sanra. Wọ́n fi bírò aláwọ̀ aró kọ sísàlẹ̀ pé wọ́n ti jọ̀ díẹ̀.

Ọrùn wá kù, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń kọ́ bùbá rírán ti ń ṣìnà jù. Wọ́n á gbẹ́ ihò ọrùn ní àárín gẹ́lẹ́, bó ti jìn síwájú ni á ṣe jìn sẹ́yìn. Ó dára lórí tábìlì. Lára ènìyàn, ọrùn kò jáde láti àárín èjìká, iwájú ló tẹ̀ sí. Aṣọ tí ihò rẹ̀ wà láàárín gbùngbùn á máa yọ̀ lọ sẹ́yìn, iwájú á gun ọ̀fun, oníbùbá á sì máa fi ọwọ́ fà á síwájú lójoojúmọ́ láìmọ ìdí rẹ̀. Màmá gbẹ́ ẹ̀yìn ní ínṣì kan péré, wọ́n gbẹ́ iwájú ní mẹ́rin, wọ́n wá la ojú díẹ̀ síwájú kí orí lè gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n wọn orí wọn náà, pẹ̀lú irun dídì. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe irun onítíríìdì, wọn á dúró dìgbà tí wọ́n bá tú u.

Báyáàsì ni wọ́n fi gba etí ọrùn náà, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gé ní ìdábùú, láti igun dé igun. Aṣọ tí wọ́n bá gé ní òró kì í nà, bó bá dé ibi tó yí kọ́rọ́, á ká kò. Èyí tí wọ́n gé ní ìdábùú máa ń nà, á sì tẹ̀ lé ìyípo ọrùn láìjanpata. Màmá fi àyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ kó ti ní ìyípo tirẹ̀ kó tó kan ọrùn bùbá rárá. Wọ́n lọ ojú rírán kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń rán an tán, wọn kì í fi òmíràn gùn ún láìlọ̀ ọ́. Ìdajì àkókò tí mo lò níbẹ̀, àyọ́ọ̀nù ni mo ń wò.

Mo ti ń retí abíyá láti ìgbà tí wọ́n ti mú àlùmọ́gàjí. Nínú àjákù ilẹ̀, wọ́n gé aṣọ onígun mẹ́rin méjì, ínṣì mẹ́rin ní òró, mẹ́rin ní ìbú. Ohun kékeré yìí ni àṣírí bùbá tí kì í gbé sókè. Bí apá bá wà nílẹ̀, onígun mẹ́rin yìí á ká sábẹ́ abíyá, kò sẹ́ni tí yóò rí i. Bí apá bá gòkè, á ṣí, á fún apá ní aṣọ tó nílò, apá kò sì ní wá aṣọ kiri lára ẹ̀gbẹ́. Rírán an ló le. Igun kan wọ inú ojú rírán ẹ̀gbẹ́, igun tó kọjú sí i wọ inú ti apá, méjì tó kù wọ ibi tí apá ti so mọ́ ara, ojú rírán mẹ́ta sì pàdé ní igun kọ̀ọ̀kan, ní ibi tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹni tó bá rán kọjá ìlà, aṣọ á ká kò níbẹ̀. Ẹni tó bá dúró ṣáájú ìlà, ihò á kù.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìdí tí wọn kò fi pààrọ̀ ẹ̀rọ aláfọwọ́yí náà. Ọmọ wọn ti ra èyí tó ń lo iná fún wọn, ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú páálí rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ń yí àgbá, ọwọ́ òsì ń darí aṣọ. Bí wọ́n bá ti sún mọ́ igun, wọ́n dẹwọ́, abẹ́rẹ́ ń wọlé lẹ́yọ lẹ́yọ: ọ̀kan, ọ̀kan sí i, ó tó. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú aṣọ, wọ́n gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sókè, wọ́n yí aṣọ, wọ́n sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ oníná lè rán mẹ́ta kọjá kí ẹsẹ̀ tó kúrò lórí pẹ́dà. Kò sì sẹ́ni tó ń retí iná NEPA nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn.

Ọgbọ́n ẹ̀rọ náà ti pẹ́. Ọdún 1846 ni Elias Howe gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tí ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà nítòsí ṣóńṣó, kì í ṣe ní ìdí bíi ti abẹ́rẹ́ ọwọ́. Ọdún 1851 ni Isaac Singer gba tirẹ̀. Òwú òkè á bá ṣóńṣó abẹ́rẹ́ wọ inú aṣọ lọ, á lọ mú òwú bọ́bìnì nísàlẹ̀, méjèèjì á sì kọ́ ara wọn láàárín aṣọ. Bí òwú òkè bá dẹ̀ jù, ìkọ́ náà á bọ́ sísàlẹ̀, á máa hàn wúruwùru. Bó bá le jù, á fa ti ìsàlẹ̀ gòkè. Màmá kọ́kọ́ ń fi àjákù aṣọ kan náà dán an wò. Wọ́n á fi èékánná họ ojú rírán náà ní òkè àti nísàlẹ̀, bí ọwọ́ bá gbọ́ ohun kan náà, ó ti ṣe. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14 ni wọ́n lò fún àdìrẹ yìí. Ti léèsì, 11 ni.

Mo bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ aṣọ rírán. Ilé ìwé ni, wọ́n ní, nígbà tí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ṣì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ẹ̀kọ́ náà ní ìtàn gígùn ní ìhà ibí. Kúdẹ̀tì kò jìnnà sí wọn, ibẹ̀ ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí fún ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S. ní 1853, aṣọ rírán sì wà nínú ohun tí Anna kọ́ àwọn ọmọ tó kó sọ́dọ̀. Samuel Johnson, tó gbé lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì Kúdẹ̀tì yìí nígbà èwe, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tirẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé ọkùnrin ló ń ṣiṣẹ́ télọ̀ láyé àtijọ́, nítorí aṣọ ọkùnrin ló ní gígé àti rírán nínú. Ìró obìnrin kò fi bẹ́ẹ̀ kan abẹ́rẹ́. Ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ ní Kúdẹ̀tì ní 1899, ní 1950 wọ́n pa á pọ̀ mọ́ èyí tí C.M.S. ní l'Ékòó, ó sì di St. Anne's ní Mọ́lété. Màmá kò lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó jáde ní irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ló di tíṣà fún àwọn mìíràn, abẹ́rẹ́ sì ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn.

Inú bùbá náà dára tó ìta rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́, wọ́n kọ́kọ́ rán an ní òdì, kí etí tí wọ́n gé wà níta. Wọ́n rẹ́ etí náà kù díẹ̀. Wọ́n wá yí aṣọ padà, wọ́n tún un rán láti inú, ojú rírán kejì sì gbé etí àkọ́kọ́ mì. Òwú kankan kò lè tú, kò sì sí pé wọ́n ń gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ oníwífìn. Nínú ojú rírán náà, wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún ìsanra o. Ó yà mí lẹ́nu, torí télọ̀ a máa fi sílẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá sanra, àwọn á rán òmíràn.

Wọ́n wá mú abala kejì, ti ìró. Ínṣì 36 ni ìbú rẹ̀, Màmá sì ga. Láti ìdí wọn dé ọrùn ẹsẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n so aṣọ dúdú lásán, ínṣì mẹ́fà, mọ́ ọn lókè. Kò ní àwòrán, kò sì dán, ìró á sì gbá ìdí mú dáadáa torí pé kì í yọ̀. Bùbá ló máa bò ó. Ẹni tí bùbá rẹ̀ bá ń gbé sókè kò lè dán irú èyí wò, gbogbo ará òde ni yóò rí àlẹ̀mọ́ náà. Wọ́n to òpó ìró sí abẹ́ òpó bùbá, wọn kò sì bá a dọ́gba níbì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún. Wọ́n wò ó, wọ́n ní kó máa lọ.

Àwọn aládùúgbò ń gbé Ànkárá wá. “Ẹ bá mi rán an, Màmá, kí n fún yín lówó.” Wọn kì í gbà. Ìyàwó ilé kan tilẹ̀ bínú, ó ní ahun ni wọ́n. Mo rò pé ẹ̀tọ́ wọn ni láti kọ̀, kì í sì í ṣe ahun: gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa bùbá, ara kan ṣoṣo ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ọmọ wọn gan-an kò rí i gbà. Ohun tí wọ́n fún un ni ìwé ìròyìn, ṣọ́ọ̀kì àti àlùmọ́gàjí tí kò mú mọ́. Wọ́n sì ń gbé iṣẹ́ fún télọ̀ nígbà mìíràn. Kábà onísíìpù, wọn kì í dá a lé. Ọnà ọrùn agbádá ọkọ wọn, ọwọ́ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣe é ni wọ́n gbé e sí, wọ́n sì ń san owó rẹ̀ láìná an.

Aṣọ òfì ló wà lórí tábìlì wọn báyìí, láti Ọjẹ́, níbi tí ọjà rẹ̀ ti ń ná ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún mẹ́rìndínlógún. Ọjá rẹ̀ kò fẹ̀ ju bí ínṣì mẹ́rin lọ, wọ́n so wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí wọ́n bá gé òfì níbikíbi, ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Màmá fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ bùbá bọ́ sí ibi tí ọjá méjì ti pàdé, kí wọ́n má gé e lórí òró rárá. Ọjá méje á fún wọn ní ínṣì 28, ìyẹn fẹ̀ ju tiwọn lọ. Mẹ́fà á fún wọn ní 24, kò ní tó. Wọ́n ti tú ojú rírán kan, wọ́n sì fi pínnì so ó padà. Ọmọ wọn ní kí wọ́n kúkú gbé e fún télọ̀.